Ìnumi: Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Nílé Wa

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá bá mi láti yunifásítì, ó gbé ìwé àjákọ lọ́wọ́, ó ní òun ń kó ọ̀rọ̀ jọ, àwọn èyí tó jẹ́ pé àwa ará Àjà-Wẹ̀rẹ̀ nìkan là ń sọ wọ́n. Ó béèrè ìtumọ̀ ìnumi lọ́wọ́ mi. Kí n tó la ẹnu, mo rí i pé ó ti kọ nǹkan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀: “Ìnumi: kí ẹni tó ti ṣèrìbọmi padà sínú ìbọ̀rìṣà.” Mo ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?” Ó ní ẹnì kan nínú ìjọ ni. Mo ní, “Fà á rẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣeré. Mo ní, “Ọmọ mi, fà á rẹ́ níṣojú mi báyìí. Ilé wa ni wọ́n ti bí ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.”

Ó fà á rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, inú ṣì ń bí mi, ni mo bá jókòó láti kọ eléyìí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà bú mi ní kékeré, wọ́n fi bú ìyá mi lójú ọjà, wọ́n fi ti obìnrin kan sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún gbọọrọ. A ti jìyà rẹ̀ tó. Ẹnikẹ́ni ò tún gbọdọ̀ bá wa túmọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀kítumọ̀.

Adẹ́mu ni bàbá tó bí mi, oko Masẹ̀ ló ti ń dá ẹmu. Kò tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ó máa ń sọ pé àwọn tó bá ń ti ìsìn bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi ni oníbàárà òun, pé bí òun náà bá lọ jókòó sínú ìsìn, ta ni yóò wá ta ẹmu fún wọn? Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ẹni tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́ kí a tó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣèrìbọmi. Gbogbo àga gbọọrọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn wọ́n. Bí ẹ bá jókòó lórí ìkejì láti iwájú, lápá ọ̀tún, tí ẹ fọwọ́ pa etí pákó náà, ẹ ó kan ibì kan tí ayùn ti yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Orí àga tí ayùn bàjẹ́ yẹn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó. Ó ní ẹni tó bá ṣe àṣìṣe ló yẹ kó jókòó lé e.

Ìyàwó rẹ̀ yìí ni mo ń pè ní Ìyá Kékeré. Ìjọ ló so wọ́n pọ̀, òrùka wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé wa, ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé ní ìyàwó, nítorí náà ìyálé ló jẹ́ fún Ìyá Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ wọn kì í ṣe ẹyọ ẹnì kan. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ìyá Kékeré á wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa: “Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi.” Ìyá mi á dá a lóhùn, wọn á jọ gbálẹ̀. N kò gbọ́ ìjà wọn rí nígbà náà.

Òmìnira ò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà tí igbà tí bàbá mi fi ń gun ọ̀pẹ já. Wọ́n gbé e dé láti oko lórí ilẹ̀kùn ahéré tí wọ́n yọ. Kò bá wa sọ̀rọ̀ kó tó kú. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo wà ní ilé-ìwé àwọn fadá, mo ń kọ́ katẹṣísìmù, èmi náà fẹ́ ṣèrìbọmi ní Àjíǹde tó ń bọ̀. Wọ́n ti rán aṣọ funfun mi. Mo máa ń yọ́ ṣí àpótí wò ó.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, àwọn àgbà ilé pé jọ láti ṣú ìyá mi lópó. Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wa nìyí: ọkùnrin ilé tó bá fẹ́ opó á fi orín rẹ̀ sínú igbá. Wọ́n á gbé igbá náà síwájú opó. Opó á mú orín ẹni tó wù ú, bó bá sì ti fi sẹ́nu, ọ̀rọ̀ parí, ilé ẹni náà ló ń lọ, òun àti ọmọ rẹ̀.

Orín mẹ́ta ló wà nínú igbá lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan jẹ́ ti arúgbó tó kàn ń wá ẹni tí yóò máa gbé omi ìwẹ̀ fún un. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹnì kan tí kò kí ìyá mi rí láti ọjọ́ tó ti wọ agbo ilé. Ẹ̀kẹta ló tóbi jù, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi tó ń gbé Kpulu, tó ti ní ìyàwó mẹ́ta. Èyí ti sọ kí wọ́n tó jókòó, ó sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́, pé ọmọbìnrin tó bá tẹ̀lé opó wọ ilé òun, ó ti kí ilé-ìwé pé ó dàbọ̀ nìyẹn, ẹ̀gẹ́ ni yóò máa bó. Èmi ni ọmọbìnrin náà. Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ rà.

Ìyá mi wo inú igbá títí. Ó ní, “Orín kan kù.”

Olórí ẹbí ní kò sí èyí tó kù.

Ìyá mi ní, “Àbúrò ọkọ mi, ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ṣé òun ò ní eyín ni?”

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn obìnrin. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo ilẹ̀. Kò fi orín sí igbá torí pé ìjọ kò gbà kí ó ní ju aya kan lọ. Gbogbo ilé mọ̀. Olórí ẹbí sọ ọ́ fún ìyá mi bíi pé ó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ní, “Mo ti gbọ́. Èmi ò mú ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí. Bí ti ẹ̀kẹrin ò bá sí, ẹ jẹ́ kí n padà sílé bàbá mi, kí ẹ sì gba ọmọ yín.”

Kí ẹ gba ọmọ yín! Mo di ìró rẹ̀ mú, mo bú sẹ́kún. Mo kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá lọ sílé bàbá rẹ̀, kò lè mú mi lọ, torí ọmọ ilé ni mí, Kpulu ni wọ́n máa kó mi sí, sídìí ẹ̀gẹ́. Ó mọ̀ pé Bàbá Kékeré náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tó kan àga ìkọ̀wé mi, tó máa ń ní kí n ka ohun tó wà lára páálí ìṣó fún òun. Ìyá mi gbé mi lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo ẹbí, ó ń wo ohun tó máa ṣe. Wọ́n fún Bàbá Kékeré ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọjọ́ ọjà méjì, kó fi ronú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ò dára. Ìyá Kékeré wá sẹ́nu ọ̀nà wa, kò kúnlẹ̀. Ó ní, “Kí ni mo fi ṣe yín, ìyálé mi? Ọkọ kan ṣoṣo tí mo ní!” Ìyá mi ní, “O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ọmọ mi ni mo ń gbà sílẹ̀.” Ìyá Kékeré ní, “Ẹ̀mí mi lẹ fi ń gbà á.” Ó yí padà. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ní ọ̀rọ̀ fún ìyá mi, ewúrẹ́ ló ń sọ ọ́ fún. “Ìwọ ewúrẹ́ yìí, o ti jẹ tìrẹ tán, tèmi lo tún wá ń jẹ!” Ewúrẹ́ náà á máa wò ó. Ìyá mi á máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Bàbá Kékeré mú mi dání lọ bá katẹṣísì, ẹni tó ń darí ìjọ wa bí àlùfáà òyìnbó kò bá sí nílé. Ilẹ̀ dúdú ilẹ̀ wa ti rọ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹrẹ̀ ń fà wá lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ó ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bẹ katẹṣísì, ó ní òun kì yóò bá opó náà sùn, pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun gba orúkọ ọkọ, kí òun lè kó opó náà àti ọmọ rẹ̀ sábẹ́ òrùlé òun.

Katẹṣísì ní, “Ìyàwó kejì, ìyàwó kejì náà ni.”

Bàbá Kékeré ní, “Èwo ni ìyàwó kejì? Òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Ìyàwó mi ń kúnlẹ̀ fún un!”

“Nínú ìwé wa, òun ni ìkejì.”

“Ọmọ náà ńkọ́?”

“Ọlọ́run á tọ́jú ọmọ.”

Ọlọ́run á tọ́jú ọmọ! Mo wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi, mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń fi mí lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kí ọwọ́ tiwọn lè mọ́. Ó ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, àyà mi tún gbóná. Bàbá Kékeré jáde, ó dì mí lọ́wọ́ mú títí a fi délé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àlùfáà òyìnbó wá, ẹni tó da omi sí Bàbá Kékeré lórí ní Àjàṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́npẹ̀ẹ̀, ìyẹn “bàbá mi” ní Faransé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, katẹṣísì dìde, ó ní àwọn kan wà nínú ìjọ tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n fi ìkejì wà létí odò, kí onítọ̀hún tètè yan ibi tó bá fẹ́. Gbogbo ojú yí sí àga kejì láti iwájú.

Bàbá Kékeré dìde. Orín wà lẹ́nu rẹ̀! Nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Ìyá arúgbó kan ní, “Yéè, mo gbé!” Ó rìn lọ síwájú, ó yọ orín lẹ́nu, ó dọ̀bálẹ̀ kí Mọ́npẹ̀ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí, ó dìde. Ó ní:

“Mọ́npẹ̀ẹ̀, ẹ má bínú. Mi ò bá Ọlọ́run jà, mi ò sì bá yín jà. Ẹ da omi sí mi lórí, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá ní níwọ̀n ìgbà tí omi yẹn bá wà lórí mi, mi ò gbọdọ̀ gba aya ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọdọ̀ gba ọmọ rẹ̀, kí n jẹ́ kí wọ́n tú ilé ẹ̀gbọ́n mi ká lójú mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ó fa aṣọ ìnuwọ́ aláró rẹ̀ yọ lápò, èyí tó fi ń nu ìyẹ̀fun igi kúrò lójú. Ó nu iwájú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kẹta, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n da omi sí i. Ó ká aṣọ náà dáadáa, ó gbé e lé orí àga iwájú, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ó ní, “Omi yín rè é.”

Ó tún fi orín sẹ́nu, ó sì rọra jáde. Mọ́npẹ̀ẹ̀, tí kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, bi katẹṣísì ní ohun tí ọkùnrin náà sọ. Katẹṣísì dá a lóhùn. Ó ní, “Ó ní òun ti nu omi náà.” Ó sọ ọ́ ní Faransé, ó tún sọ ọ́ ní Yorùbá nítorí ìjọ. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ọ̀rọ̀ náà ti wọ gbogbo agbo ilé: gbẹ́nàgbẹ́nà ti numi. Nígbà tí ọjà máa ná, ó ti di pé anumi ń bọ̀, aya anumi rè é, ọmọ anumi, má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ. Katẹṣísì tó ń bú wa ni bàbá ọ̀rọ̀ náà, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ bí i. Kó lọ tọ́ ọmọ rẹ̀!

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé ilé, kò wọ yàrá. Ó lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí, ó bọ́ fìlà, ó fi orín náà sínú igbá. Wọ́n gbé e wá síwájú ìyá mi. Orín náà ti rin ní etí kan, itọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó fi sẹ́nu.

Èmi ńkọ́? Inú mi ò dùn rárá. Mo fẹ́ aṣọ funfun mi. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó máa ṣèrìbọmi, ìyá mi sì gé aṣọ náà kúrú fún mi, ó ní kí n máa wọ̀ ọ́ lọ sóko. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan mi ò ka páálí ìṣó fún Bàbá Kékeré. Wọn ò lé mi nílé-ìwé, ṣùgbọ́n bí wákàtí katẹṣísìmù bá ti tó, wọ́n á ní kí n jáde. Lábẹ́ igi máńgòrò níta, mo bá àwọn ọmọ ilé mùsùlùmí tí wọ́n ń jáde tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó lẹ́nu bí abẹ, sún fún mi, ó ní, “Jókòó, ìwọ anumi. Àwa ò tiẹ̀ tíì rí omi tí a máa nù.” A rẹ́rìn-ín títí tí olùkọ́ fi yọ orí lójú fèrèsé. Ọjọ́ yẹn ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka páálí ìṣó.

Àwọn ọmọ yòókù ò gbé ẹnu kúrò. Wọ́n á tò tẹ̀lé mi láti ilé-ìwé: “Anumi, anumi, ojú rẹ ti gbẹ!” Mo kọ́kọ́ ń sunkún. Nígbà tó sú mi, mo yí padà, mo ní, “Ẹ̀yin tí ojú yín tutù, ọ̀pọ̀lọ́ ni yín!” Mo sì fọ́ ọ̀kan lẹ́nu. Bàbá Kékeré bá mi wí níwájú ìyá ọmọ náà. Nígbà tí ìyá ọmọ lọ, ó bi mí ní èyí tí mo sọ nípa ọ̀pọ̀lọ́, ó ní kí n tún un sọ.

Ó ṣì ń tún àga ṣọ́ọ̀ṣì ṣe o. Bí ẹsẹ̀ àga bá kán, katẹṣísì á ranṣẹ́, torí kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn nítòsí. Bàbá Kékeré á lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wọlé. Ìta ni wọ́n máa ń gbé àga wá bá a. Ẹnì kan bi í pé kí ló dé tó ń ṣe é fún wọn. Ó ní, “Èmi ni mo numi, àga ò numi.”

Ìyá Kékeré ni ìyà náà jẹ jù. Kò numi, kò kúrò nínú ìjọ, kò bọ́ òrùka. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú ilé oníyàwó méjì ló ti ń bọ̀, katẹṣísì ní kó kúrò ní àga iwájú, kó máa jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí adìẹ ń gbà wọlé. Ó jókòó síbẹ̀. Ọdọọdún, Ọjọ́ Ìsinmi sí Ọjọ́ Ìsinmi, ó jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà pẹ́ títí Ìyá Kékeré fi bímọ, tí ibà dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí kò sí ẹni tó lè wẹ ọmọ. Ìyá mi wọlé lọ láìkan ilẹ̀kùn. Ó wẹ ọmọ, ó wẹ ìyá rẹ̀, ó se omi ewé, ó fọ aṣọ ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko. Ní òwúrọ̀ tí Ìyá Kékeré kọ́kọ́ lè dìde, ó fara ti ògiri wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi.” Ìyá mi ní kó dìde kí òtútù má mú un.

Ẹ ti wá rí i báyìí ohun tí ìnumi jẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n lo ọ̀rọ̀ náà nílòkulò. Ẹni tó bá kúrò ní ìjọ fadá lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, wọ́n á ní ó numi. Ẹni tó bá fẹ́ mùsùlùmí, ó numi. Ẹni tó kàn ń sùn nílé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó numi. Irọ́ ni! Tẹni tó ń sùn, omi gbẹ lórí rẹ̀ ni, kò numi. Ẹni tó bá sá ò numi. Ìnumi ni kí o dúró níwájú ẹni tó da omi sí ọ, kí o kí i bó ti yẹ, kí o nu omi rẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí o dá a padà fún un, kí o sì sọ ẹni tí o nù ún nítorí rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí o nù ún nítorí rẹ̀, ojú lásán lo nù.

Ìgbà tó yá, àwọn ológun gba ìjọba, gbogbo ẹnu ń ké “Ehuzu”, èyí tó jẹ́ pé ayé ti yí ní èdè Fọ̀n. Ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn fadá. Èmi náà ti di olùkọ́ níbẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n ti máa ń lé mi síta. Ọjọ́ tí rédíò sọ pé a kì í jẹ́ Dahomẹ mọ́, pé Bẹ̀nẹ̀ là ń jẹ́, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ṣàlàyé pé Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún gbígba orúkọ àtijọ́ kúrò lára nǹkan, pé “debatisé” ni wọ́n ń pè é, bí ẹni gba ìrìbọmi kúrò lórí ènìyàn. Mo ní, “Kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ilé wa ti ṣe é kí ìjọba tó jí.”

Ọ̀rọ̀ mi dé etí àwọn tó ń darí ìpàdé ìlú. Wọ́n wá bá Bàbá Kékeré níbi tó ti ń fá pákó, wọ́n ní kó wá bọ́ sórí pèpéle, kó sọ fún ará ìlú bí òun ṣe kọ ẹ̀sìn òyìnbó, pé àpẹẹrẹ rere ló jẹ́. Ó gbọ́ wọn tán. Ó ní, “Ìjọba kọ́ ni mo nu omi fún. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo nù ún fún. Ẹ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mi, mi ò rí ojú pákó.” Ẹ̀rù bà mí fún un, torí ayé ìgbà náà kò ṣeé fi ṣeré. Wọn ò padà wá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn rọ ọ́ lápá àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹnu rẹ̀ wọ́, kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ gbogbo wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, katẹṣísì yẹn náà, tó ti hu ewú, wọlé pẹ̀lú ìgò omi kékeré. Èmi, ìyá mi àti Ìyá Kékeré wà ní yàrá. Katẹṣísì kò kí ìyá mi. Ìyá Kékeré ló bá sọ̀rọ̀. Ó ní nítorí tirẹ̀ ni òun ṣe wá, kí ìyàwó àti ọkọ lè sùn ní itẹ́ òkú ìjọ kan náà bó bá dọjọ́ alẹ́, kí wọ́n má sin ọkùnrin náà sẹ́yìnkùlé bí ẹni tí kò ní ìjọ. Ó ní kò le: kí obìnrin kejì jáde nílé, kí ọkọ fi ojú lásán sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun á sì gbà á padà.

Ìyá Kékeré wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ itẹ́ yẹn. Ó ti jókòó sídìí ilẹ̀kùn pẹ̀lú adìẹ fún ọdún wọ̀nyí nítorí itẹ́ yẹn. Ìyá mi dìde, kò jiyàn, ó ń wá ìborùn rẹ̀ kó lè jáde. Bàbá Kékeré bá gbé ọwọ́ òsì, ó ń nawọ́ sí ara ògiri. Kò yé wa ní àkọ́kọ́. Ife orín rẹ̀ ló ń nawọ́ sí. Ìyá mi mú ọ̀kan fún un. Ó gbà á, ó gbé e lé àyà, ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú mọ́ orín náà.

Katẹṣísì ní, “Ọ̀rọ̀ kò yé e mọ́.” Ó ṣí ìgò, ó da omi lé e níwájú orí lẹ́ẹ̀mẹta, kíákíá, ó ń ka àdúrà. Bàbá Kékeré fẹ́ gbé ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé, òsì sì wà lọ́wọ́ ìyá mi, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Omi ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Mo ti dìde.

Ìyá Kékeré ló ṣáájú mi. Ó tú ìborùn funfun tó ń wọ̀ lọ sí ìsìn, ó nu iwájú orí ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ká ìborùn náà dáadáa, ó gbé e lé katẹṣísì lọ́wọ́. Ó ní, “Omi yín rè é.”

Katẹṣísì wò ó. “Ìwọ náà?”

“Èmi kọ́. Tèmi ṣì wà lórí mi, ẹnikẹ́ni ò sì tó bẹ́ẹ̀ láti gbà á. Tirẹ̀ ni mo nù. Ó ti sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lójú yín nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.”

Ó kú ní ọjọ́ kẹta. A sin ín sí ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀, níbi tí ìyẹ̀fun igi pọ̀ sí. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Kékeré wọ aṣọ dúdú, ó lọ sí ìsìn. Èmi àti ìyá mi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a fẹ́ yà padà. Ó kọjá àga ìdí ilẹ̀kùn, kò wo ibẹ̀. Ó rìn gba àárín lọ títí dé ìkejì láti iwájú, lápá ọ̀tún. Àwọn tó wà níbẹ̀ sún. Ó fọwọ́ pa etí pákó níbi tí ayùn ti yọ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó pè kí gbogbo ìjọ gbọ́:

“Ìyálé mi, ẹ wọlé. Àga ọkọ wa ni.”

Ìyá mi wọlé, mo tẹ̀lé e. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Kò sí ẹni tó ní ká dìde.